Ọkọ̀ Wo Ni Epo Olówó Gọbọi Wà Fún?

Ní ọ̀pọ̀ ilé epo ní Kumasi, láti àyíká Adum títí dé ọ̀nà Suame, irú bẹntiróòlù méjì ni wọ́n ń tà. Ọ̀kan ni èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Super, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 91, tí àwọn awakọ̀ trotro àti onítákísì ń rà. Èkejì ni èyí tí owó rẹ̀ ga jù ú lọ: GOIL ń pe tirẹ̀ ní Super XP 95, Shell ń pe tirẹ̀ ní V-Power. Ẹni tó bá ra Golf GTI tàbí Mercedes tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tó wá dúró níwájú ẹ̀rọ epo méjèèjì, ohun kan ló máa ń rò: ṣé owó tí mo fẹ́ fi kún un yìí máa mú èrè wá fún mi? Ìbéèrè gidi ni. Láti ọdún 2015 tí ìjọba Gánà ti yọwọ́ kúrò nínú dídá iye epo, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye tirẹ̀, wọ́n sì lè yí i padà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ẹni tó ń ra epo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹ kó mọ ohun tó ń sanwó fún, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀.

Orí nọ́ńbà tí wọ́n ń fi mọ epo méjèèjì yàtọ̀, 91 àti 95, ni àṣìlóye ti ń wọlé. Ọ̀pọ̀ gbà pé 95 lágbára ju 91 lọ, pé bí wọ́n bá ti bù ú sínú táńkì, ọkọ̀ á fò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yìí, tí à ń pè ní ọ́kítéènì, kò wọn agbára epo rárá. Ohun tó ń wọn ni bí epo ṣe lè fara da ooru àti ìfúnpọ̀ tó kí ó tó gbiná fúnra rẹ̀. Graham Edgar, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, ló gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀ ní ọdún 1926. Ó mú èròjà méjì. Isooctane fara dà á gan-an, ó fún un ní 100. Heptane kì í pẹ́ gbiná, ó fún un ní òdo. Epo tí wọ́n bá gbé sínú ẹ́ńjìnnì ìdánwò, tó ṣe gẹ́gẹ́ bí àdàlù isooctane ìdá 95 àti heptane ìdá 5 ṣe ń ṣe, òun ni wọ́n ń pè ní 95. Kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè bí ó ṣe lágbára tó. Ẹ wo ethanol, ọtí tí wọ́n ń fi ìrèké tàbí àgbàdo pọn: ọ́kítéènì rẹ̀ ju 100 lọ, síbẹ̀ agbára tó wà nínú líta rẹ̀ kan fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti bẹntiróòlù.

Kí wá ni ìfaradà yìí wúlò fún? Ẹ bá mi wọ inú sílíńdà kan. Písítìnì sọ̀ kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ó gòkè padà, ó fún wọn pọ̀ sí àyè kékeré kan lókè, wọ́n sì gbóná. Púlọ́ọ̀gì wá ṣáná. Láti ìdí púlọ́ọ̀gì ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀, tó ń jó lọ sí etí sílíńdà bí iná tí ọdẹ tì bọ ọ̀dàn láti apá kan: ó ń jó tẹ̀ léra, ọdẹ sì mọ ibi tó ń lọ. Bí ó ti ń jó lọ ni ó ń ti epo tí kò tíì jó síwájú, ó ń fún un pọ̀, ó ń mú un gbóná sí i. Bí epo náà kò bá lè fara dà á, èyí tó wà ní etí kò ní dúró de iná mọ́. Á gbiná fúnra rẹ̀ lójijì, bí ẹni pé ẹlòmíràn tún tiná bọ ọ̀dàn náà láti ẹ̀yìn ọdẹ. Iná méjèèjì á pàdé, ìfúnpọ̀ náà á lu irin, ẹni tó ń wakọ̀ á sì máa gbọ́ kaka-kaka-kaka nígbà tó bá tẹ ọkọ̀ gidi lórí òkè. Èyí kọ́ ni nọ́ọ̀kì tí mẹkáníìkì ń sọ nígbà tí bíárìn bá jẹ tán tí ẹ́ńjìnnì sì kú. Àmọ́ bí a bá jẹ́ kí kaka-kaka yìí pẹ́, ó lè fọ́ orí písítìnì.

Àwọn tó kọ́kọ́ pa ìró yìí lẹ́nu mọ́ ṣe ayé ní ibi púpọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1921, Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors, rí i pé bí òun bá fi èròjà òjé díẹ̀ sínú bẹntiróòlù, ìró náà á dákẹ́. Gbogbo ayé gbà á. Òjé yẹn ló gbé ọ́kítéènì epo tí àwọn baba wa rà sókè, òun náà ló bá èéfín jáde wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, tó ba ọpọlọ wọn jẹ́. Ní Dakar, ní ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà fẹnu kò láti lé e kúrò nínú epo. Algeria, tó tà á gbẹ̀yìn ní gbogbo ayé, dáwọ́ dúró ní ọdún 2021. Láti ìgbà tí òjé ti lọ, ọ̀nà tó wọ́n jù ú lọ ni wọ́n ní láti fi gbé epo dé 95, a sì ń rí i nínú iye tí wọ́n ń tà á.

Ẹ́ńjìnnì wo wá ló ń fún epo pọ̀ débi tí 91 kò fi ní fara dà á? Ẹ́ńjìnnì Toyota Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín 2009 sí 2013 ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní 10 sí 1, epo lásán sì tó o. Lexus IS 350 ìgbà náà ń fún un dé 11.8 sí 1, epo tó ga ni wọ́n sì kọ sára rẹ̀. Ní ti Golf GTI, tọ́bò ló ti kọ́kọ́ ti afẹ́fẹ́ wọlé tipátipá kí písítìnì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ìfúnpọ̀ nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́ o. Mazda ṣe ẹ́ńjìnnì Skyactiv kan tó fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní 13 sí 1, ó sì ń lo epo lásán ní Amẹ́ríkà, nítorí ọgbọ́n mìíràn tí àwọn tó ṣe é dá sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fojú wo ọkọ̀ kí ó sọ pé epo báyìí ló ń mu.

Ọkọ̀ òde òní sì ní etí. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ́ kaka-kaka náà kí etí tiwa tó gbọ́ ọ. Bó bá ti gbọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á ní kí púlọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣáná. Ìró á dákẹ́, ewu á dín kù, ṣùgbọ́n agbára náà á dín kù, epo tó ń jó á sì pọ̀ sí i. Ibí yìí gan-an ni ìdáhùn wà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún 91 kò ní ohun tó máa fi 95 ṣe, torí kò sí kaka-kaka kankan níbẹ̀ tí 95 máa pa lẹ́nu mọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún 95, bí ẹ bá fún un ní 95, agbára tirẹ̀ lẹ dá padà fún un.

Àwọn kan ti fi ẹ̀rọ wọn èyí. AAA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ní Amẹ́ríkà, dán ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún epo lásán wò ní ọdún 2016. Epo olówó gọbọi kò fi agbára kún un, kò dín epo tó ń jó kù, kò sì sọ èéfín rẹ̀ di mímọ́. Wọ́n ṣírò pé ó ju bílíọ̀nù 2.1 dọ́là lọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ṣòfò báyìí lọ́dún kan. Ní ọdún 2017, wọ́n mú ọkọ̀ tí olùṣe wọn dá a lábàá pé kí wọ́n lo epo tó ga. Bí a bá pín in dọ́gba, epo tí wọ́n jó fi ìdá 2.7 nínú 100 sunwọ̀n sí i, agbára fi ìdá 1.4 pọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ wà láàárín wọn gan-an: Cadillac Escalade rí ìdá 7.1 lórí epo, Ford Mustang rí ìdá 3.2 lórí agbára, epo tí Audi A3 ń jó tilẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i. Epo olówó gọbọi náà sì fi ìdá 20 sí 25 wọ́n ju èyí lásán lọ níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá ń rà á kí epo lè pẹ́ nínú táńkì, ìṣirò yẹn kò gbè é. Ní ti ẹni tó ń wá agbára, ẹ wo ohun tí Mazda fúnra rẹ̀ kọ nípa CX-9 tó ní tọ́bò: agbára ẹṣin 227 lórí epo lásán Amẹ́ríkà, 250 lórí èyí tó ga jù. Ẹṣin 23 tí èèyàn lè fi ara mọ̀ ni.

Ẹ wá lọ ṣí ìdérí táńkì ọkọ̀ yín, kí ẹ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fẹ́ ká pẹ́ níbí, torí ibí ni owó àti ẹ́ńjìnnì ti ń ṣòfò jù ní Kumasi. Bí ọkọ̀ náà bá wá láti Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tí ẹ rí kì í ṣe irú èyí tó wà lára ẹ̀rọ epo Gánà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dán ọ́kítéènì wò, ọ̀kan rọrùn, ọ̀kan le. Gánà, Nàìjíríà àti Yúróòpù ń lo èyí tó rọrùn, tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, òun ni RON. Amẹ́ríkà ń ro méjèèjì pọ̀, ó ń pín in sí méjì, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Nítorí náà, 87 tiwọn tó bíi 91 tiwa, 91 tiwọn tó bíi 95 tàbí 96, 93 tiwọn sì tó bíi 98. Ẹni tó ni Mercedes C300 láti Amẹ́ríkà, tó ka 91 lẹ́yìn ìdérí, tó wá ra Super torí ó gbọ́ pé 91 ni, ó ti fi epo tí kò tó bọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó sì rí 87 lára Corolla, tó ń ra 95 nítorí ìfẹ́ ọkọ̀, ó ń ju sídì rẹ̀ nù. Ọkọ̀ tó bá wá láti Jámánì rọrùn ní tirẹ̀: ROZ tí ẹ rí níbẹ̀ náà ni RON tiwa. Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ "required", dandan ni. Bó bá jẹ́ "recommended", ìmọ̀ràn ni, ẹ lè fi 91 tiwa rìn láìba ohunkóhun jẹ́, ẹ kàn máa pàdánù agbára díẹ̀.

Ibi tí ẹ ń wakọ̀ dé náà ṣe pàtàkì. Lójú ọ̀nà Prempeh II Street lọ́sàn-án, níbi tí àwọn tó ń ta fóònù àti bàtà ti pín ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń wọ sílíńdà kò tó nǹkan, ìfúnpọ̀ rẹ̀ kéré, tọ́bò ń sùn. Kò sí ohun tó máa fa kaka-kaka, ì báà jẹ́ BMW M3. Ọ̀nà Mampong ni kí ẹ lọ, kí ọkọ̀ kún fún èèyàn, kí ẹ̀rọ amúlétutù máa ṣiṣẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà nínú oòrùn. Níbẹ̀ ni 95 ti ń ṣiṣẹ́ owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fi ọkọ̀ alágbára ṣe Adum sílé, Adum sílé, tí ìdérí rẹ̀ sì sọ pé ìmọ̀ràn ni, kò pàdánù ohun púpọ̀ bó bá ra Super.

Àwọn fítà, ìyẹn àwọn mẹkáníìkì, ní Suame Magazine máa ń sọ pé epo tó wọ́n ń fọ inú ẹ́ńjìnnì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi èròjà tó ń fọ ìdọ̀tí sínú epo wọn tó ga. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfọ̀mọ́, ọ̀tọ̀ ni ọ́kítéènì, èèyàn sì lè rí èkíní láìra èkejì. Imí ọjọ́ inú epo tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn: láti oṣù Keje ọdún 2017 ni Gánà ti dín èyí tó lè wà nínú epo tí wọ́n ń kó wọlé kù sí 50 nínú mílíọ̀nù kan. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ilé epo tó mọ́, tí kì í fi kẹrosíìnì lú epo, ṣe pàtàkì fún ọkọ̀ ju nọ́ńbà lọ. Kẹrosíìnì ń fa ọ́kítéènì wálẹ̀ kíákíá, 95 tí wọ́n lù lè máà tó 91 tó mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ lo táńkì kíkún méjì ti 91, lẹ́yìn náà méjì ti 95, lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ kọ iye kìlómítà àti líta sílẹ̀. Ẹ má ka táńkì àkọ́kọ́ ti epo kọ̀ọ̀kan sí, torí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń kọ́ epo tuntun díẹ̀díẹ̀, àṣẹ́kù ti tẹ́lẹ̀ sì ṣì wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń fẹ́ 95 lẹ ti ṣèèṣì bu 91 sí, ẹ má fà á jáde. Ẹ rọra wà á, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lórí òkè, bó bá ti jó dé ìdajì, ẹ fi 95 kún un. Nǹkan bíi 93 lẹ máa ní nínú táńkì. Ẹni tó bá sì ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sílé ní Nàìjíríà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Èjìgbò, kí ó fi 95 kún táńkì rẹ̀ kí ó tó kọjá ẹnubodè Aflao. Kpayo, epo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ní orílẹ̀-èdè Benin, kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà rẹ̀, kí ó má rà á. Táńkì kíkún á gbé e dé Èkó, níbi tí 91 ti jẹ́ ìwọ̀n tó kéré jù tí ìjọba gbà láàyè, kí ó wá rọra fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ títí á fi délé.