Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Síso Ètò Kọ̀ǹpútà Mọ́ Àká Dátà Àfọ́nká

1. Ìfáàrà

Kì í ṣe àìrí ọ̀rọ̀ lò ni ìṣòro tí ó tóbi jù lọ fún ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìṣòro náà ni pé ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn lè ti ní ìtumọ̀ mìíràn tí yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí: bí a ṣe ń so ètò kékeré tí a fi èdè Go kọ mọ́ àká dátà tí a ń pè ní CockroachDB, kí ètò náà lè fi owó ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì kan sí òmíràn. A óò rí i pé bí olùkọ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ méjì péré lò níbẹ̀, owó lè kúrò lọ́wọ́ oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì.

2. Èdè àtúmọ̀ṣáájú

Robert Griesemer, Rob Pike àti Ken Thompson ni wọ́n pilẹ̀ èdè Go ní ilé-iṣẹ́ Google, tí wọ́n sì fi í han gbogbo ayé ní 2009. Àwọn èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí a ń túmọ̀ fún ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ ti ń ṣe ní kóòtù. Ti Go kò rí bẹ́ẹ̀. A ó ti túmọ̀ odidi ètò náà sí èdè ẹ̀rọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ẹni tí ó túmọ̀ ìwé tán kí ó tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Nítorí náà, a dábàá ‘ògbufọ̀’ fún irú ìtumọ̀ àkọ́kọ́, ‘olùtúmọ̀’ fún èkejì, a sì pe Go ní ‘èdè àtúmọ̀ṣáájú’.

Olùtúmọ̀ a máa rí ọ̀pọ̀ àṣìṣe kí ètò tó ṣiṣẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n kò lè rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láàárín ètò àti àká dátà nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà.

3. Àká dátà àfọ́nká

Ní 1970 ni Edgar F. Codd ti ilé-iṣẹ́ IBM ṣe àlàyé bí a ṣe lè to dátà sí inú àtẹ, ní ìlà-ìlà. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà wà ní IBM, gbé èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ irú àká bẹ́ẹ̀ jáde. Òun ni a mọ̀ sí SQL lónìí. Fún ìgbà pípẹ́, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń pa gbogbo dátà mọ́. CockroachDB, tí a dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2015, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Aáyán ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé aáyán kì í tètè kú.

Ẹlòmíràn lè fẹ́ pè é ní ‘àká alápínpín’. A kò fara mọ́ èyí. Bí a bá pín ogún, ohun tí ó kan Táyé kò sí lọ́wọ́ Kẹ́hìndé mọ́. Ṣùgbọ́n nínú CockroachDB, ẹ̀dà mẹ́ta ni a ń pa mọ́ nípa apá dátà kọ̀ọ̀kan, lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àfi bí ẹni tí ó ni àká náà bá yí i padà. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kú, iṣẹ́ kò dúró. ‘Àfọ́nká’ ni a yàn, nítorí pé kò sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni ìpín kan. ‘Ibùdó’ ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

Irú ìṣọ́ra kan náà yẹ lórí ọ̀nà tí àwọn ẹ̀dà fi ń gbà pẹ̀lú ara wọn. Ìlànà Raft, tí Diego Ongaro àti John Ousterhout gbé jáde ní 2014, ni wọ́n ń tẹ̀ lé. ‘Ìfohùnṣọ̀kan’ kò bá a mu, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ gbà kí ohùn tó ṣọ̀kan. Nínú Raft, bí méjì nínú mẹ́ta bá ti gbà, ọ̀rọ̀ ti parí. A dábàá ‘ìpinnu ọ̀pọ̀’.

4. Ìsopọ̀

CockroachDB gbọ́ ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ ti PostgreSQL. Nítorí náà, ohun èlò pgx, tí a ṣe kí ètò Go lè bá PostgreSQL sọ̀rọ̀, lè bá CockroachDB náà sọ̀rọ̀. Kí a má ṣe pe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ní awakọ̀, nítorí pé kò wa ohunkóhun, ‘alárinà’ ni.

Àdírẹ́sì tí a fún alárinà ní orúkọ oníṣẹ́, ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, orúkọ ibùdó, nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà àti orúkọ àká. Ẹnu-ọ̀nà 26257 ni CockroachDB ti máa ń dáhùn bí a kò bá yàn òmíràn. ‘Ẹnu-ọ̀nà’ ni a wí, kì í ṣe ‘èbúté’, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó dúró fún méjèèjì: kò sí ọkọ̀ tí ó ń gúnlẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn tí a ń kàn ni.

5. Àṣetán, àtúnbẹ̀rẹ̀ àti àìdájú

Kí a fi ₦1,000 ránṣẹ́, ìgbésẹ̀ méjì ni: kí a yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì àkọ́kọ́, kí a sì fi í kún èkejì. Bí ọ̀kan bá ṣẹlẹ̀ láìsí èkejì, ìjàǹbá dé. Àwọn kan yóò pe àwọn ìgbésẹ̀ tí a dì papọ̀ báyìí ní ‘ìdúnàádúrà’, ṣùgbọ́n a kò ná ọjà níbí. ‘Àṣetán’ ni a dábàá: a ṣe é tán, tàbí a kò ṣe é rárá. Bí ó bá yọrí, ‘ìfimúlẹ̀’ ni. Bí kò bá yọrí, ‘ìdápadà’ ni.

CockroachDB a máa rí i dájú pé àbájáde àwọn àṣetán tí ó ṣẹlẹ̀ pọ̀ dà bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ léra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí, bí méjì bá kọlu ara wọn, ó lè dá ọ̀kan padà pẹ̀lú àmì 40001. Bí olùkọ́ bá pe èyí ní ‘àṣìṣe’, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá àléébù nínú ètò tí kò ní àléébù. Ohun tí àmì náà ń sọ ni pé: kò sí ohun tí a fi múlẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. ‘Àtúnṣe’ pàápàá kò tọ́, nítorí pé nǹkan tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe. ‘Àtúnbẹ̀rẹ̀’ ni, láti orí ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, kí a sì tún wo iye tí ó wà nínú àkáǹtì, nítorí pé ó lè ti yí padà.

Àmì 40003 yàtọ̀ pátápátá. A lè rí i nígbà tí ìbánisọ̀rọ̀ bá já ní àárín ìfimúlẹ̀: ó lè jẹ́ pé owó ti lọ, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì lọ. A dábàá ‘àìdájú’. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan náà pe àmì méjèèjì yóò tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti kọ́kọ́ wádìí, ₦1,000 yóò sì di ₦2,000. Oògùn rẹ̀ ni pé kí a fún ìfowóránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí a kọ nọ́ńbà náà sínú àtẹ tí kì í gba ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, nínú àṣetán kan náà. Nígbà náà, bí a bá tilẹ̀ tún un rán, àká yóò kọ̀ ọ́.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ‘àtúnbẹ̀rẹ̀’ àti ‘àìdájú’ kì í ṣe ẹwà èdè lásán. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni ìyàtọ̀ àárín ètò tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé àti èyí tí ó ń na owó olówó. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè pé kí ẹ dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò ní kíláàsì. Èyí tí ó bá mú kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìbéèrè tí ó tọ̀nà ni kí a mú. Èyí tí ó bá mú kí ó wá àléébù níbi tí kò sí ni kí a fi sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó dùn létí tó.