Ǹjẹ́ Ẹyẹ Máa Ń Sọ fún Ẹyẹ Pé Òkò Ń Bọ̀?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lóṣù yìí, nítorí Àlùkùránì, nínú Súrátù Al-An'ām, áyà 38, ka àwọn ẹyẹ sí ìjọ bí àwa náà ti jẹ́ ìjọ.

Bí a bá wọ igbó ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, tàbí igbó ọba Àpọ́nmú lọ́nà Àkúrẹ́ sí Ondó, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí á jókòó jẹ́ẹ́. Igbó lè dákẹ́ rọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́. Lójijì ni oríṣiríṣi ẹyẹ yóò kún orí igi, tí wọ́n jọ ń rìn, tí wọ́n jọ ń jẹ. Kò pẹ́, wọ́n á ti kọjá.

Kí ni wọ́n rí nínú ẹgbẹ́ yìí? Èkíní ni oúnjẹ. Àkókó ń gbẹ́ ara igi, àwọn kan ń tú ewé nísàlẹ̀, àwọn mìíràn ń mú kòkòrò lófuurufú. Kòkòrò tí ọ̀kan bá lé jáde, òmíràn lè gbé e.

Èkejì ni ààbò. Ẹyẹ tí ó ń dá jẹ gbọ́dọ̀ máa gbé orí sókè nítorí àwòdì. Bí ojú bá pọ̀, olúkúlùkù a ráyè jẹun. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ewu yóò ké, àwọn tí kì í ṣe irú rẹ̀ pàápàá yóò sì sá wọ abẹ́ ewé. Ẹyẹ ti sọ fún ẹyẹ nìyẹn!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ẹyẹ dúdú kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní drongo. Irú rẹ̀ wà nínú igbó wa. Olùṣọ́ ni. Ní aginjù Kalahari, ìwádìí tí ó jáde ní 2014 fihàn pé ó máa ń ké igbe èké kí ẹlòmíràn lè sá fi oúnjẹ sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá ti mọ igbe náà, á yí ohùn padà. Síbẹ̀ wọn kò lè kọ etí dídi sí i pátápátá, nítorí nígbà mìíràn òtítọ́ ni, ẹ̀mí sì ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwa náà ńkọ́? Súrátù Al-Hujurāt, áyà 6, pa á láṣẹ kí á wádìí ìròyìn. Ẹni tí ó ń gbé ahesọ kiri láàárín ẹgbẹ́, igbe èké ni ó ń ké. Lọ́jọ́ tí ewu bá dé ní tòótọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ìjọ àwọn ẹyẹ kò sì lè wà láìsí igbó. Ìbátan ẹ̀gà kan wà tí ó máa ń bá irú agbo bẹ́ẹ̀ rìn, tí John Elgood ṣàpèjúwe ní 1958, tí ó sì fi orúkọ Ìbàdàn sọ. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ilé rẹ̀ ní gbogbo ayé. Bí a ti ń gé igbó ni ó ń dín kù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Iṣẹ́ wo ni tìrẹ nínú ẹgbẹ́? Ìgbà wo ni o gbọ́dọ̀ ké, ìgbà wo ni o gbọ́dọ̀ dákẹ́?

Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní olóòótọ́. Àmín.