Ìlérí Asán àti Gbèsè Ìdẹwò

Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì àtijọ́, òjò kì í sábà rọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbẹ̀ a máa wo ojú ọ̀run fún òjò àkọ́rọ̀ tí yóò mú ilẹ̀ dẹ̀ fún oko ríro. Bí ìkùukùu bá ṣú, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́, ṣùgbọ́n tí òjò kò rọ̀, ìrètí rẹ̀ di òfo. Irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Òwe, ní orí 25, fi ẹni tí ń fọ́nnu nípa ẹ̀bùn tí kò ní fún ẹnikẹ́ni wé.

Ìlérí mìíràn tún wà tí ó burú ju èyí lọ: èyí tí ń fi adùn díẹ̀ fúnni, tí ó sì ń fi iye rẹ̀ pamọ́. Ní orí 7, obìnrin ọlọ́kọ kan ń tan ọ̀dọ́mọkùnrin aláìlóye ní àṣálẹ́. Ó dárúkọ aṣọ Íjíbítì. Ó dárúkọ nǹkan olóòórùn dídùn. Ó ní ọkọ òun ti lọ sí ìrìn àjò jíjìn. Kò dárúkọ ikú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀lé e bí màlúù tí ń lọ sọ́dọ̀ alápatà, kò mọ̀ pé ẹ̀mí òun ni òun yóò fi san án.

Yorùbá ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ti ìdẹwò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkorò ní í gbẹ̀yìn adùn tirẹ̀. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n a máa béèrè iye ọjà kí ó tó nawọ́ gbà á.