TA NI YÓÒ JÍ Ọ NÍBẸ̀?

Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 1:1-21
Àkọ́sórí: Dáníẹ́lì 1:8 (Kí ẹni tó kéré jù lọ nínú ilé kà á sókè.)

Nínú ilé tí ẹ ti ń ka ìwé yìí ní àárọ̀ yìí, ẹnì kan ló jí àwọn yòókù. Ó lè jẹ́ màmá tó kan ilẹ̀kùn, tàbí bàbá tó lu agogo, tàbí ẹ̀gbọ́n tó fa aṣọ ìbora kúrò lára àbúrò. Àwọn kan nínú yín ṣì ń nu ipin ojú. Mo bá yín kẹ́dùn! Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan fún ọmọ tó ti rí ààyè wọ fásitì nínú ilé yìí: nígbà tí o bá dé ọ̀hún, ta ni yóò jí ọ?

A mọ bí a ṣe ń palẹ̀ ọmọ mọ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa yìí. Kí JAMB tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, màmá ti ń din gààrí, wọ́n ti ń di èlùbọ́ sínú àpò. Bàbá yóò ra mátírẹ́ẹ̀sì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Òmù-Àrán lọ gba ìwé ọmọ-ìbílẹ̀, wọn yóò ṣe ẹ̀dà èsì ìdánwò WAEC lọ́nà mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹrù tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì, kò sí èyí tí yóò la ọmọ náà lójú ní aago márùn-ún ìdájí.

Ẹ jẹ́ ká wo Dáníẹ́lì. Ọ̀dọ́ ni òun àti Hananáyà, Míṣáẹ́lì àti Asaráyà nígbà tí Nebukadinésárì kó wọn lọ sí Bábílónì. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní kí wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́. Èdè tuntun ni, ìwé tuntun ni, wọ́n tilẹ̀ pa orúkọ wọn dà. Ibùgbé àti oúnjẹ, ọba ló ń pèsè gbogbo rẹ̀. Sikọ́láṣíìpù wo ló tó báyìí? Ẹ kíyè sí ẹsẹ kẹjọ dáadáa. Ọkàn Dáníẹ́lì ló kọ́kọ́ pinnu, lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ bá olórí àwọn ìwẹ̀fà sọ̀rọ̀. Bíbélì kò sọ ọjọ́ tó pinnu fún wa, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ìdí tábìlì ni, nígbà tí òórùn ẹran ti wọ imú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà náà yóò jẹ ẹ́.

Kò sí ibi tí a ti ka orúkọ bàbá tàbí ìyá rẹ̀ nínú orí yìí. Síbẹ̀, nígbà tí a bá dé orí kẹfà, ẹsẹ kẹwàá, Dáníẹ́lì ti dàgbà, ó ṣì ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fèrèsé rẹ̀ ṣí sí ọ̀nà Jerúsálẹ́mù. Ta ló ń jí i?

Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí mo wọ pólì, ọmọ ilé àdúrà sì ni mí. Nílé, ìyá mi ni aago wa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé-ìwé, oòrùn ló jí mi. Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, n kò wá àwáwí mọ́. Lọ́jọ́ kan a ní ìdánwò ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá lọ, wọ́n ṣe é, wọ́n dé, èmi ṣì wà lórí ìbùsùn. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, bàbá mi ní kí n ṣáájú àdúrà àárọ̀. Mo ṣí Bíbélì, n kò mọ ibi tí n óò kà. Ẹnu mi gbẹ. Mo gba àdúrà tí kò tó ìṣẹ́jú kan, mo ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyá mi kàn wò mí, ó sì dìde lọ dáná. Wíwò yẹn ni mo gbé padà lọ sí ilé-ìwé.

Ẹnì kan lè sọ pé Landmark ni ọmọ tòun ń lọ, níbí ní Òmù-Àrán, ilé-ìwé tí ìjọ Living Faith dá sílẹ̀ ní 2011, àti pé chapel wà níbẹ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ara ni agogo ń gbé dé chapel. Ẹni tó bá ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1945, ti rí àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀, wọ́n ju 1,000 lọ. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó jẹ́ẹ́, irun wọn dì dáadáa. Kò sí èyí tó ń sùn nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó ń gbọ́.

Ẹ tún wò ó pé Dáníẹ́lì kò kọ ìwé àwọn ará Kálídíà. Oúnjẹ ló kọ̀. Ìwé, ó kà á, ó sì yege. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọmọ wa tó máa ń ṣe ìṣọ́ òru felóṣíìpù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí wọ́n á sì máa sùn ní kíláàsì aago mẹ́jọ. Ní ọ̀pọ̀ fásitì wa, ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì tó ìdá 75 nínú 100 kò ní ẹ̀tọ́ láti jókòó ṣe ìdánwò. Máàkì ọdún àkọ́kọ́ sì máa ń wọ inú èsì àṣekágbá. Jíjí fún Ọlọ́run àti jíjí fún ìwé, ojú kan náà la fi ń jí.

Oúnjẹ ọba kì í kọ́kọ́ ní májèlé lẹ́nu. Ní 1952 tí Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọn kì í ṣe apànìyàn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn jáde lẹ́yìn wọn, ìbọn àti àáké sì wọ inú ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje, 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lóru, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Kò sí ẹni tí yóò pè ọ́ pé, "Wá wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn." Ẹni tó bá ọ san owó yàrá ni, ẹni tó ń fún ọ ní oúnjẹ ni, yóò wá ní kí o sin òun dé ibì kan lálẹ́. Èsì wo lo ti ní lẹ́nu? Bí olùkọ́ bá ní kí ìwọ ọmọbìnrin wá gba máàkì nínú yàrá òun ńkọ́? Nílé yìí ni kí o ti mú èsì rẹ lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù yín ba ọmọ débi pé òtítọ́ kò ní lè gba orí fóònù wọlé.

Ebi ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ dé ìdí tábìlì ọba. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ, kí ẹ jọ wá ọ̀nà. Láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń tipasẹ̀ NELFUND yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba lówó láìsí èlé. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ìwé. Gbèsè ni o, sísan ni. Ṣùgbọ́n ó sàn ju owó yàhúù lọ.

Iṣẹ́ tí mo gbé lé ilé yìí lọ́wọ́ rèé. Láti ọ̀la títí di ọjọ́ tí ọmọ náà yóò wọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí i mọ́. Kó fúnra rẹ̀ jí wá sí àdúrà. Lọ́jọ́ Wẹ́sídé àti Sátidé, òun ni kó ṣáájú. Bí kò bá jí, ẹ gbàdúrà láìsí i níbẹ̀. Màmá, mo mọ̀ pé yóò ṣòro fún yín. Ẹ óò gbọ́ híhan-orun rẹ̀ láti pálọ̀, ọwọ́ yín yóò máa yún yín láti kan ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ó sàn kó ti ibẹ̀ kọ́ ọ, níbi tí ẹ óò ti bá a dáná.

ÀDÚRÀ
1. Baba, ohun tí mo ń ṣe nítorí ohùn ìyá mi, jẹ́ kí n máa ṣe é nítorí ohùn tìrẹ, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, kọ́ mi ní "rárá" kí n tó dé ìdí tábìlì.
3. (Àwọn òbí, ẹ gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, kí ẹ dárúkọ rẹ̀.) Ọlọ́run Dáníẹ́lì, a kò ní sí níbẹ̀. Ìwọ, jọ̀wọ́, wà níbẹ̀. Àmín.