Ẹ̀kọ́ Ìlera: Kókó Tó Yọ Lára Eegun, Kì í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Jẹjẹrẹ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí jẹ mọ́ ohun kan tí ọwọ́ wa lè bà lára ọmọ nígbà tí a bá ń wẹ̀ ẹ́, tàbí lára tiwa nígbà tí a bá ń fi ìpara para: kókó líle tó yọ lára eegun. Ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn wa yìí, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, ohun méjì ni àwọn ènìyàn máa ń sọ bí wọ́n bá rí i. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn á ní jẹjẹrẹ ni, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe sí i mọ́. Ìbẹ̀rù méjèèjì ló ń mú kí a jókòó sílé títí ohun tí ì bá rọrùn yóò fi le.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan yìí lọ sílé: ọ̀pọ̀ kókó eegun kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ àti èyí tí kò jẹ́. Àyẹ̀wò ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

1. KÍ NI KÓKÓ EEGUN?

Eegun kì í ṣe òkúta. Ohun alààyè ni. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, ó ń dàgbà, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà mìíràn, apá kan nínú rẹ̀ á máa dàgbà ju bó ti yẹ lọ, á sì di kókó. Jẹjẹrẹ ni èyí tó máa ń kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tó ń ràn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àti ibòmíràn. Èyí tó jókòó sí ojú kan kì í ṣe jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé kò lè ba nǹkan jẹ́, nítorí àwọn kan wà nínú wọn tó ń jẹ eegun bí ikán ti ń jẹ òpó ilé: òde á dára, inú á ti di òfìfo.

2. ORÍṢI TÓ YẸ KÍ A MỌ̀

(a) Èyí tó ń bá ọmọ dàgbà. Osteochondroma ni àwọn dókítà ń pè é, òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kókó eegun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ̀bá orúnkún tàbí òkè apá ló sábà máa ń wà. Ó le, kì í sábà dunni, bí ọmọ bá sì ti dàgbà tán, òun náà á dúró. Bí kò bá ni ọmọ lára, dókítà lè ní kí a fi í sílẹ̀, kí a kàn máa wò ó. Bó bá ń tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń dí ìrìn lọ́wọ́, wọ́n á gé e kúrò. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi tàbí tó ń dunni lẹ́yìn tí ènìyàn ti dàgbà tán, kí a tètè padà sí ilé-ìwòsàn, nítorí bí ẹyọ kan nínú 100 lè yí padà di jẹjẹrẹ.

Àwọn ìdílé kan wà tí kókó yìí máa ń yọ ní ojú púpọ̀ lára wọn. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jogún rẹ̀, bí ìdajì sí ìdajì. Ìjogún ni, bí a ṣe ń jogún imú àti ojú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ fẹ̀sùn kan ìyá ọkọ tàbí orogún.

(b) Èyí tó ń dunni lóru. Osteoid osteoma ni orúkọ rẹ̀. Dókítà Jaffe ní Amẹ́ríkà ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1935. Ó kéré púpọ̀, kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, àwọn ọ̀dọ́ ló sì wọ́pọ̀ sí. Ọmọ á máa ké ní òru pé ẹsẹ̀ ń dun òun, a ó sì rò pé làkúrègbé ni tàbí pé ó ṣeré jù. Àmì rẹ̀ ni pé oògùn bí ásípírínì máa ń jẹ́ kí ìrora náà lọ kíákíá. Kí a má ṣe tìtorí èyí máa fún ọmọdé ní ásípírínì fúnra wa o, nítorí ó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá; dókítà ni kó sọ èyí tí wọn yóò lò. Ní òde òní, níbi tí irinṣẹ́ rẹ̀ bá wà, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tó ń gbóná jó kókó náà láìla ẹsẹ̀ púpọ̀.

(d) Èyí tó ń sọ eegun di òfìfo. Ọmọdé ṣubú díẹ̀, apá rẹ̀ sì kán. Nígbà mìíràn omi ló ti kún inú eegun náà tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn àgbà ẹni ọdún 20 sí 40, èyí tí wọ́n ń pè ní giant cell tumour wà, tó fẹ́ràn ẹ̀bá orúnkún. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ajẹgunrun ni. Wọ́n á há a kúrò nínú eegun, wọ́n á sì fi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún eegun dí ihò náà. Ó lè padà yọ, nítorí náà kí aláìsàn má ṣe pa ọjọ́ tí dókítà dá fún un jẹ. Abẹ́rẹ́ denosumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún un ní ọdún 2013, tún lè ran àwọn tí iṣẹ́ abẹ bá ṣòro fún lọ́wọ́.

(e) Ti àgbọ̀n. Èyí ló yẹ kí àwa obìnrin Nàìjíríà fiyè sí jù. Ameloblastoma ni orúkọ rẹ̀. Inú ohun tó ń ṣẹ̀dá eyín ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tiwa. Ní ọdún 1980, Dókítà E. O. Adékẹ́yẹ tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ Nàìjíríà 109 tó ní in. Àgbọ̀n á máa wú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kò ní dunni, eyín á sì máa mì. Nítorí pé kò dunni, ènìyàn á máa fi gèlè bò ó títí ojú yóò fi yí padà. Bí wọ́n bá kàn há a, ó máa ń padà yọ. Gígé apá eegun tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ nínú eegun tó dára ni ó sábà ń kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n lè fi irin tàbí eegun ìbàdí aláìsàn náà tún àgbọ̀n ṣe. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọdé ni àgbọ̀n rẹ̀ wú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tí Dókítà Denis Burkitt kọ nípa rẹ̀ láti Uganda ní ọdún 1958. Oògùn ń wo ọ̀pọ̀ wọn sàn bí a bá tètè dé. Kí a má ṣe sùn mọ́jú lórí irú èyí.

3. BÁWO NI DÓKÍTÀ ṢE Ń MỌ̀ Ọ́N?

Yóò kọ́kọ́ bi wá léèrè: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń dunni lóru? Ṣé ó ń yára tóbi? Lẹ́yìn náà ni ẹ́ksíréè. Láti ìgbà tí Röntgen ti rí ìmọ́lẹ̀ yìí ní Jámánì ní ọdún 1895, ojú ènìyàn ti lè rí inú eegun láìfi ọ̀bẹ kàn án. Àwọn kókó kan wà tí ẹ́ksíréè nìkan tó láti mọ̀. Bí kò bá tó, wọ́n á mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an ni ó dára kí ó mú un tàbí kí ó tọ́ka ibi tí wọn yóò ti mú un, nítorí bí ẹlòmíràn bá la ibi tí kò yẹ, ó lè ba iṣẹ́ ẹ̀yìn jẹ́.

Owó àyẹ̀wò yìí sábà máa ń yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ abẹ. Kí a má ṣe sọ pé a ti gé e, ó ti tán, ká wá fi àyẹ̀wò sílẹ̀. Èsì yẹn ló ń sọ bóyá ó ti tán lóòótọ́. Ẹ gbà á, ẹ sì pa á mọ́ bí ìwé ilẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo wíwú ni kókó. Eegun ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè wú nítorí kòkòrò àrùn tó wọ inú rẹ̀, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà sì lè jẹ eegun. Ìtọ́jú wọn yàtọ̀ pátápátá.

4. OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Kí a má ṣe fi òrí gbígbóná wọ́ ọ. Kí a má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí i. A mọ̀ pé àwọn tó ń to eegun ti pẹ́ láàárín wa, a kò sì bú ẹnikẹ́ni; ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè rí òfìfo tó wà nínú eegun. Bí eegun bá kán láìsí ìjàǹbá gidi, ẹ jẹ́ kí ẹ́ksíréè ṣáájú ohunkóhun. Bí wọ́n bá sì di igi mọ́ ọn, tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tí ó tutù tàbí tí ó kú tìpiri, kí a tú u lójú ẹsẹ̀, kí a sì gba ilé-ìwòsàn lọ.

5. IBI TÍ A LÈ LỌ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwòsàn tó sún mọ́ yín ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, kí ẹ sì béèrè ìwé tí yóò gbé yín dé iwájú. Iwájú náà lè jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí UCH ní Ìbàdàn, tó ní àwọn oníṣègùn eegun àti ti eyín, tàbí ilé-ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì ní Èkó, tó wà láti ọdún 1945. Ẹ mú fọ́tò ẹ́ksíréè dání. Kí ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ sílé.

Ìrìn náà jìn, owó rẹ̀ kò sì kéré. Níhìn-ín ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Bí arábìnrin wa kan bá ń fi gèlè bo àgbọ̀n rẹ̀, kí a má ṣe sọ ọ́ lẹ́yìn. Kí ẹni méjì lọ bá a nílé, kí a dá owó ọkọ̀ jọ, kí ẹnìkan sì bá a lọ. A ó máa gbàdúrà fún un, a ó sì wọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀJỌSỌ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kókó eegun lásán àti jẹjẹrẹ?
2. Àmì wo ló ń fi èyí tó ń dunni lóru hàn?
3. Kí ló dé tí àgbọ̀n tó ń wú láìdunni fi léwu?
4. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ fi èsì àyẹ̀wò sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?
5. Ta ni a mọ̀ ní àdúgbò wa tó nílò kí a bá a lọ sí ilé-ìwòsàn kí oṣù yìí tó parí?