Ta Ni Yóò Fèsì fún Asọ̀rọ̀mágbèsì? Ọ̀rọ̀ Lórí Rédíò Àdúgbò

Ẹ jẹ́ kí a ti inú orúkọ wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fa rédíò wọ ilé ní Èkó. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù bá sọ ni àpótí ara ògiri náà ń sọ. Onílé lè tàn án, ó lè pa á, ṣùgbọ́n kò lè dá a lóhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí Yorùbá ń pe rédíò bá a mu rẹ́gí. Ìbéèrè wa ni pé: ṣé dandan ni kí ó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ?

1. Ohun tí ojú Èkó ti rí

Òfin ìwé ìròyìn ọdún 1903 ní kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn kọ́kọ́ fi 250 pọ́n-ùn ṣe ìdúró. Amòfin Sapara Williams takò ó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, síbẹ̀ wọ́n fi í lélẹ̀. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í dí ẹnu onírọ́. Ẹnu aláìní ló ń dí.

Ní 1953, Gómìnà Macpherson lo rédíò ìjọba láti bá ẹgbẹ́ Action Group wí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bèèrè àyè láti fèsì, wọn kò fún un. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin ọdún 1954 yọ̀ǹda rédíò fún àwọn ẹkùn. Nígbà tó di 1959, Ìwọ̀-Oòrùn ní tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹkùn gba ohùn, àdúgbò kò tíì gbà á.

2. Òfin tó wà nílẹ̀

Abala 39 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn láyè láti dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ti rédíò yàtọ̀: Ààrẹ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin kejìdínlógójì ti ọdún 1992, tó dá àjọ NBC sílẹ̀, ló sì ń tọ́ka ọ̀nà tí ìwé ìbéèrè yóò gbà, láti ọ̀dọ̀ àjọ dé ọ̀dọ̀ mínísítà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Yunifásítì Èkó gba àṣẹ tirẹ̀ ní 2002. Ṣùgbọ́n ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí rédíò àdúgbò 17. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyẹn lẹ́yìn òfin!

3. Àwọn àtakò, àti èsì wọn

Àwọn kan ní rédíò kékeré yóò da ohùn rédíò ńlá rú. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2000, ìjọba yọ̀ǹda rédíò tí agbára rẹ̀ kò ju 100 wáàtì lọ, bí iná gúlóòbù kan péré, tí kì í gbọ́ jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pariwo, ilé aṣòfin sì fún un lọ́rùn lọ́dún náà gan-an. Ìwádìí tó jáde ní 2003 fi hàn pé ẹ̀rù náà kò nídìí tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní 2011, òfin tuntun tú u sílẹ̀.

Àwọn mìíràn tọ́ka sí RTLM ní Rwanda, tó ti àwọn ènìyàn sí ìpakúpa ní 1994. Òótọ́ ni, ẹ̀rù sì bani. Ṣùgbọ́n àwọn alágbára ìlú ló wà lẹ́yìn RTLM. Kì í ṣe rédíò àwọn aláìní. Ẹni tó bá ru ìjà sókè, kí òfin mú un. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kàn máa gbé ọ̀pá ìgbóhùn kalẹ̀ bó ti wù ú. Ọjà tí kò ní olórí a máa dàrú. Ohun tí a ń fẹ́ ni òfin tó ní ọjọ́ ìdáhùn, tí owó rẹ̀ kò ga ju àpò àdúgbò lọ.

4. Kí ni Ìsàlẹ̀ Èkó yóò fi ṣe?

Bí omi bá gba ojú títì, bí iná bá sọ ní Ìdúmọ̀tà, ta ni yóò tètè kéde rẹ̀? Ní ọjọ́ Ẹ̀yọ̀, ta ni yóò sọ fún àlejò pé a kì í wọ bàtà, a kì í dirun ṣùkú kọjá níwájú Ẹ̀yọ̀? Ohùn Èkó àtijọ́ àti oríkì àwọn ìdílé tó yí Ìgà Ìdúngànrán ká, ibo ni ọmọdé yóò ti máa gbọ́ wọn? Rédíò ńlá tí ń ta àkókò rẹ̀ fún olówó kò ní àyè fún èyí.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Èdè tí a ń kọ́ nínú ìwé, ẹnu ni ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka òfin náà, kí a kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wa, kí a sì máa gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Bí àyè bá ṣí lọ́la, kí a má lọ dúró níwájú ẹ̀rọ láìní ohun tí a ó sọ.