Kí Wọ́n Tó Rẹ́ Eyín, Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Yà Á Sójú Kọ̀ǹpútà

Ẹni méjì ló ń ṣe eyín àtọwọ́dá kan. Dókítà eyín ni ẹni àkọ́kọ́. Òun ló ń yẹ ẹnu wò, òun ló ń gbẹ́ ibi tó ti jẹrà kúrò, òun náà ni yóò lẹ iṣẹ́ tó bá parí mọ́ ẹnu. Ẹnì kejì jókòó sí láàbù, níbi tí wọ́n ti ń rọ eyín. Òun ló ń ṣe eyín náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní fojú kan ẹni tí yóò fi í jẹun.

Bí àwọn méjèèjì bá gbọ́ ara wọn yé, eyín á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé, aláìsàn ló ń jìyà rẹ̀. Á padà wá, wọ́n á tún eyín gbẹ́, á lọ sílé, á tún padà wá.

Ní ilẹ̀ Yewa, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin, owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ ni irú ìyà bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ìlaròó ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, Ayétòrò sì ni ti Àríwá Yewa. Ará Ìlaròó tó ń lọ sí Èkó á gba Papalantó kó tó já sí títì ńlá tó ti Abẹ́òkúta wá. Ará Ayétòrò a máa kọrí sí Abẹ́òkúta, níbi tí Federal Medical Centre wà. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà eyín, bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà, UCH ní Ìbàdàn àti ti Ilé-Ifẹ̀, jìnnà sí ẹnubodè. Ìlú ńlá náà ni láàbù tó ní ẹ̀rọ olówó ńlá sábà máa ń wà.

Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí kì í ṣe eyín yíyọ. Eyín tí ihò rẹ̀ ti tóbi ju ohun tí wọ́n lè kàn dí, ṣùgbọ́n tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì lágbára, ni wọ́n máa ń dé kíráùn lé. Kíráùn ń bo eyín bí fìlà ṣe ń bo orí. Wọ́n á rẹ́ eyín gidi náà kéré yíká, wọ́n á sì dé eyín àtọwọ́dá lé e. Bí eyín kan bá ti yọ kúrò láàárín méjì, wọ́n lè ṣe bíríìjì: eyín mẹ́ta tó so pọ̀, tí eyín ọ̀tún àti tòsì sì gbé ti àárín ró.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ kéré gan-an. Ní 1971, McLean àti von Fraunhofer tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ iṣẹ́ eyín tó lé ní 1,000 wò láàárín ọdún 5. Wọ́n ní àlàfo tó bá wà láàárín etí kíráùn àti eyín kò gbọdọ̀ ju 0.12 mílímítà lọ. Níbi tí àlàfo bá ti fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, oúnjẹ àti kòkòrò àìfojúrí á rí ọ̀nà wọlé, eyín tó wà lábẹ́ á sì máa jẹrà lọ níkọ̀kọ̀.

Ọ̀nà àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń lò, ni kí dókítà po ohun rírọ̀ kan sínú àwo kékeré, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín, kó dúró títí yóò fi dì, kó sì fà á yọ. Alginate wà lára ohun tó wọ́pọ̀ jù tí wọ́n ń lò, láti ara ewéko inú òkun ni wọ́n sì ti ń rí i. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sínú ooru, omi yẹn á fà, á súnkì, ìwọ̀n eyín á sì yí padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ tètè da POP, ìyẹ̀fun pípò tó ń dì le, sí i, kí wọ́n lè rí eyín líle tó ṣeé gbé ránṣẹ́. Wọ́n á wé eyín POP náà, wọ́n á kó o sínú páálí, wọ́n á sì fi rán dẹ́rẹ́bà tàbí ẹni tó ń lọ sí ìgboro, pẹ̀lú ìwé pélébé kan: "Kíráùn, eyín òkè lápá ọ̀tún, àwọ̀ A3."

Ìwé pélébé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín dókítà àti láàbù. Kò sọ bí aláìsàn ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kò sọ bóyá obì ti pa eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láwọ̀ dà. Bí afẹ́fẹ́ bá sì kó sínú POP ní etí eyín tí wọ́n rẹ́, ńṣe ni oníṣẹ́ láàbù á máa méfò ibi tí eyín náà parí sí. Ó lè pe dókítà lórí fóònù, ṣùgbọ́n aláìsàn ti padà sóko rẹ̀ ní Ayétòrò.

Ohun tó dára jù nínú ọ̀nà tuntun ni pé àṣìṣe ń hàn nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí àga. Dókítà á ki ẹ̀rọ gbọọrọ kan tó ní kámẹ́rà lórí sẹ́nu aláìsàn, á fi í rìn lórí eyín òkè àti tìsàlẹ̀. Kámẹ́rà á máa ya àwòrán léraléra, kọ̀ǹpútà á so wọ́n pọ̀ di odindi ẹnu tí wọ́n lè yí síbí yí sọ́hùn-ún. Ibi tí kámẹ́rà kò bá rí, ihò á wà níbẹ̀ nínú àwòrán, dókítà á sì padà yà á. Bí wọn kò bá rẹ́ eyín tó, kọ̀ǹpútà á fi àwọ̀ tó yàtọ̀ hàn pé àyè tó wà láàárín eyín òkè àti tìsàlẹ̀ kò tó. Kíráùn ẹ̀yìn ẹnu sábà máa ń nílò àyè bíi mílímítà 1 sí 1.5 kó má baà fọ́. Dókítà á tún un rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò ní dúró di ìgbà tí láàbù bá pè é lọ́jọ́ kẹta.

Lẹ́yìn èyí, fáìlì ló ń rìn, kì í ṣe páálí. Irú fáìlì tó wọ́pọ̀ ni STL, tí ilé iṣẹ́ 3D Systems ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1987. Láàbù á ṣí i nínú ètò kọ̀ǹpútà bíi exocad, tó bẹ̀rẹ̀ ní Darmstadt ní Jámánì ní 2010, tàbí ti 3Shape ní Copenhagen. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya eyín tuntun. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, wọ́n á fi àwòrán ránṣẹ́ padà sí dókítà kí ó wò ó bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Dókítà lè ní kí wọ́n gé e kúrú díẹ̀, tàbí kí wọ́n tì í sẹ́yìn díẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe nígbà yìí kò ná wọn ju dátà lọ.

Fáìlì náà kò mọ ẹnubodè. Láàbù ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu ní Benin lè ṣí èyí tó ti Ìlaròó wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ti àwọ̀, 16 ló wà nínú àpẹẹrẹ àwọ̀ VITA tí wọ́n fi ń yan àwọ̀ eyín, láti A1 dé D4. A3 tí wọ́n ń sọ ní Ìdìrókò náà ni A3 tí wọ́n ń sọ ní Ìgolo lódìkejì.

Ọ̀nà fífi kámẹ́rà ya ẹnu yìí ti pẹ́ láyé. François Duret, ará Faransé, ló kọ ọ́ sínú ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1973 pé ìmọ́lẹ̀ lè rọ́pò àwo tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ eyín. Ní Zurich, Werner Mörmann àti Marco Brandestini ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní CEREC, wọ́n sì fi tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 1985. Owó àti iná ni kò jẹ́ kó tètè tàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn gba àlàyé. Zirconia, ohun líle funfun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ kíráùn báyìí, kì í le nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ. Ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 1,500 dígírì ló ń sọ ọ́ di líle, fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdáwọ́ dúró. Nínú ààrò yìí, á súnkì tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ń mú kí ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ tóbi ju ẹnu lọ, kó lè jẹ́ pé bó bá jáde, á bá eyín mu rẹ́gí. Bí iná bá lọ láàárín wákàtí wọ̀nyẹn, iṣẹ́ lè bàjẹ́. Kò yẹ kí gbogbo ìlú máa wá owó irú ààrò bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí Ìlaròó àti Ayétòrò kọ́kọ́ ní ni ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ẹnu. Ààrò lè wà ní Èkó.

Ibi tí ètò yìí ti ṣe pàtàkì jù fún Yorùbá ni eyín iwájú. Èjí jẹ́ ẹwà láàárín wa, kò sì sẹ́ni tó ni ín tí yóò fẹ́ kí wọ́n dí i mọ́ òun lẹ́nu láìbèèrè. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè a máa fẹ́ kí eyín iwájú méjèèjì fara kanra, àfi bí ẹni tó ń lò ó bá yí i padà. Ká sọ pé obìnrin kan ní Ayétòrò ṣubú lórí ọ̀kadà, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì sì kán. Bí ó bá jẹ́ ìwé pélébé nìkan ló bá eyín POP rẹ̀ lọ, kíráùn méjì tó fún mọ́ra pinpin ló lè padà wá. Ìyá náà á wo dígí, ojú ẹlòmíràn ni yóò rí.

Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó rẹ́ eyín, dókítà á gba fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Láàbù á gbé fọ́tò náà lé àwòrán eyín, wọ́n á wo bí èjí náà ṣe fẹ̀ tó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún lè kọ́kọ́ ṣe eyín ìdánwò olówó pọ́ọ́kú kí ó fi sẹ́nu, kí ó fi sọ̀rọ̀, kí ó fi rẹ́rìn-ín lójú àwọn ará ilé rẹ̀, kí wọ́n tó ṣe gidi. Christian Coachman, ará Brazil tó jẹ́ kí irú ìṣètò yìí gbajúmọ̀, kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín, ó sì tún kọ́ iṣẹ́ láàbù. Ó mọ ohun tí apá méjèèjì nílò.

Ẹ̀rọ tí ń ya ẹnu kò kéré lówó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Síbẹ̀ dókítà tí kò tíì ní in lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Láàbù tó ní ẹ̀rọ orí tábìlì lè ya eyín POP sínú kọ̀ǹpútà, kí dókítà sì fi fọ́tò tì í lẹ́yìn. Fọ́tò náà gbọ́dọ̀ dára. Kí wọ́n yà á nítòsí fèrèsé, kí aláìsàn nu ọ̀dà ètè kúrò, kí àpẹẹrẹ àwọ̀ VITA wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín nínú fọ́tò. Kí wọ́n tètè yà á kí eyín tó gbẹ, torí eyín tó bá gbẹ máa ń funfun ju bó ṣe rí gan-an. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, èyí sì lè ba àwòrán jẹ́. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fáìlì ìwé, kì í ṣe bíi fọ́tò.

Nọ́ńbà eyín náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Nínú ètò ẹgbẹ́ dókítà eyín àgbáyé, FDI, eyín 11 ni eyín iwájú òkè àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún aláìsàn, 21 sì ni èkejì rẹ̀ lápá òsì. Ní Amẹ́ríkà, láti 1 dé 32 ni wọ́n ń ka eyín, 11 tiwọn sì ni eyín ṣóńṣó òkè lápá òsì. Ẹni tó bá gbé ìwé eyín rẹ̀ ti Houston wá sí Ìlaròó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà mọ ibi tí ó ti wá. Lórí kọ̀ǹpútà, eyín gan-an ni wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, àríyànjiyàn ọ̀tún àti òsì á sì dín kù.

Ohun kan wà tí kámẹ́rà kò lè ṣe. Kò lè rí ohun tí ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ bá bò. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, dókítà ní láti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Kò sì lè sọ bóyá gbòǹgbò ti kẹ̀. X-ray ló ń sọ ìyẹn.

Ta ni yóò wá ṣe iṣẹ́ eyín orí kọ̀ǹpútà yìí? Wọ́n dá Federal Polytechnic sílẹ̀ ní Ìlaròó ní 1979, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lò kò sì wọ́n ní ìlú náà. Àmọ́ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan kò tíì lè rọ eyín fún aláìsàn. Láti 1987 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ eyín sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà sì wà ní Enugu. Ọ̀dọ́ Yewa tó bá fi ẹ̀kọ́ yìí kún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà yóò ríṣẹ́ ṣe. Òfin mìíràn, ti oṣù Kẹfà 2023, dáàbò bo ìsọfúnni tó jẹ mọ́ ìlera èèyàn. Fún ìdí èyí, fọ́tò ẹnu aláìsàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín kiri láìgba àṣẹ rẹ̀.

Eyín tí wọ́n bá ti rẹ́ kì í hù padà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe kíráùn, kó mú fọ́tò kan tó ti ń rẹ́rìn-ín dání, kó sọ ohun tó fẹ́ kó wà bó ṣe wà, kó sì ní kí dókítà fi àwòrán eyín tuntun náà han òun kí wọ́n tó rẹ́ ti àtijọ́.